Irora Tí Kì Í Wá Lọ́jọ́ Ìsinmi

Okùn méjì já nínú ikùn Abigail Adéfọlá, kí oòrùn ọjọ́ náà sì tó wọ̀, gbogbo agboolé ti mọ ọwọ́ tó já wọn. Wọ́n ní ọwọ́ Rachel, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ni. Ẹnikẹ́ni kò wá ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n kàn ní kó máa di ẹrù rẹ̀, pé bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹbí yóò jókòó, wọn yóò sì dá a padà sílé bàbá rẹ̀ ní Áwà.

Ọjọ́bọ̀ ni Rachel wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sílé Nọ́fíù Ajíbádé. Bàbá náà jókòó síwájú ilé, ó ń fi abẹ gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ogún nínú rẹ̀ ló sì fi jẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ìwé mẹ́rin péré ló kà kó tó bá tíṣà jà, tó sì búra pé òun kò ní tẹ iléèwé náà mọ́ láé. Nítorí náà ni wọn kò ṣe gbé e ga ju kọ́púrù lọ títí ó fi fẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀gá tó kàwé jù ú lọ ló ń gbé ẹjọ́ tó bá ti ta kókó wá bá a ní kọ̀rọ̀. Kọ́púrù ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ń pè é títí di òní.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀. Ìwọ ta nìyẹn?"

"Ìyàwó Ernest ni mí. Ernest ọmọ Màmá Abigail, àwọn tó ni ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní Òkè-Ṣópin."

Nọ́fíù sọ abẹ kalẹ̀. "Abigail? Abigail tó dúró níwájú tésàn, tó pariwo pé orí mi ò gbà ju ìwé mẹ́rin lọ, pé ta ló gbé ẹ̀wù ọlọ́pàá wọ irú mi?"

"Bàbá, wọn ò tíì fi mí sílé ọkọ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀. Ó di ọdún kọkànlá. Ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Láti ọjọ́ náà, gàrí rẹ̀ kò wọ ilé mi mọ́. Áwà ni mo ti ń ra gàrí."

"Áwà ni wọ́n bí mi sí, Bàbá."

Nọ́fíù wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. "Jókòó," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, má sì fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ní ọdún méje sẹ́yìn, ara Abigail tóbi débi pé eékún rẹ̀ kò gbé e mọ́, àrùn àtọ̀gbẹ sì fẹ́ẹ́ gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Ernest gbé e lọ sí Èkó, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ya ikùn rẹ̀ sí méjì, wọ́n fi èyí tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ sílẹ̀ fún oúnjẹ, wọ́n wá fa ìfun gòkè, wọ́n so ó mọ́ ọn. Ṣíbí mẹ́rin báyìí, ó ti yó. Ara fúyẹ́, ojú padà bọ̀ sípò, ó ń jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n aṣọ wo ni kì í fẹ̀ bó bá pẹ́ lára? Nígbà tó máa fi di ọdún kẹfà, ojú ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti inú ikùn kékeré náà bọ́ sínú ìfun ti ya bí ẹnu àpò àtijọ́. Oúnjẹ kì í dúró mọ́ kó tó bá tirẹ̀ lọ. Ebi padà dé, ẹran ara sì tẹ̀ lé e.

Ìgbà yìí ni wọ́n gbọ́ nípa Dókítà Ọláyínká ní Àgọ́-Ìwòyè. Dókítà yìí kò fi abẹ kan Abigail. Ẹnu ló gbà wọ inú rẹ̀, tó fi okùn mẹ́fà rán ojú ọ̀nà tó ya náà kó lè há padà. Ó wá kìlọ̀ pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ohunkóhun tí eyín lè rún kò gbọdọ̀ wọ ọ̀fun Màmá, kí ojú ibi tí òun rán lè jinná.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí la lọ fi ara hàn fún ọ̀sẹ̀ kẹfà," Rachel ní. "Dókítà wo inú wọn. Okùn méjì ti já, nǹkan funfun kan sì wú síbẹ̀. Wọ́n bi Màmá ohun tí wọ́n jẹ. Màmá ní ògì tí mo ń sè fún wọn ni. Bàbá, ògì mi ṣàn bí omi!"

"Ta ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ?"

"Àǹtí Ìbíkẹ́, àbúrò Màmá, tó wà ní Mákùn-Omi. Wọ́n sọ lórí fóònù pé mò ń po ẹ̀wà lílọ̀ mọ́ ògì kí Màmá lè tún sanra, kí wọ́n má lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́, kí n lè gba ìjókòó wọn."

"Ṣé o fẹ́ gba ìjókòó wọn?"

Rachel gbójú sókè. "Ọkọ mi àti ilé mi ni mo fẹ́, Bàbá."

Nọ́fíù dìde, ó wọ bàtà.

*

Ilé ìdáná Rachel mọ́ tónítóní. Nọ́fíù ní kó se ògì bó ṣe máa ń sè é. Ó sè é. Nọ́fíù yọ aṣọ ìnujú funfun lápò, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ife, ó da ògì náà sí i. Ògì ṣàn kọjá wọ̀ọ̀. Kò sí nǹkan kan tó kù lórí aṣọ.

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí, Bàbá?"

"Mo rí i pé o lè se ògì tó ṣàn nígbà tí ọlọ́pàá bá wà níbẹ̀. Ìyẹn ò tíì gbà ọ́."

Ó tú ìkòkò wò, ó tú agolo wò, ó yẹ abẹ́ àpótí wò. Kò rí ẹ̀wà lílọ̀, kò rí ẹ̀pà lílọ̀. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń yẹ ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù wò nígbà tí Abigail wọlé láti ibi iṣẹ́, tó fi ọwọ́ kan di àyà mú, tó fi èkejì gbé ike omi dání.

"Àbí ojú mi ń ṣe mí ni? Kọ́púrù! Kí lo sọnù sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mi?"

"Ìyàwó ọmọ rẹ ló pè mí."

"Ẹ gbọ́! Olè ló fúnra rẹ̀ pe ọlọ́pàá. Ayé ti dayé kẹ̀kẹ́ Márúwá lóòótọ́."

Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, nítorí náà Nọ́fíù kò gbà fún un. "Ìyá Ernest, fi ẹnu yẹn dá mi lóhùn. Kí lo jẹ lónìí?"

"Ògì, ife kékeré mẹ́ta. Omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́. Omi lásán."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Mo fi pẹpẹ Olúwa búra. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà tí oúnjẹ ti wọ ẹnu mi kẹ́yìn. Mo ń lá àlá ìkọ́kọrẹ́, Kọ́púrù. Bí mo bá jí, ń ṣe ni mo máa ń sunkún."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí irora náà gbá a láyà. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń làágùn. Rachel sáré gbé bàsíà wá, ó di orí ìyá ọkọ rẹ̀ mú bí ìgbà tí wọ́n ń di orí ọmọ mú. Abigail bì, ó mí kanlẹ̀, ó sì ti ọwọ́ ọmọbìnrin náà kúrò lórí rẹ̀.

Nọ́fíù gba ilé lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwúwo. Ogún ọdún ló fi gbọ́ irọ́ àwọn èèyàn. Òpùrọ́ máa ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kó lè dán. Òpùrọ́ máa ń ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Rachel kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ká a lára jù ni pé Abigail náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ì bá dùn mọ́ ọn nínú kó gbá obìnrin yẹn mú sínú irọ́, ọdún mọ́kànlá ló ti ń dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ. Ẹni méjì ń sọ òótọ́, okùn méjì sì já.

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ernest fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé e lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Ernest, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ ti fún un pọ̀ láàárín bí ẹ̀kọ inú ewé.

Dókítà Ọláyínká kò dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ í ṣàlàyé fún àgbà. Ó fi rọ́bà dúdú kan hàn wọ́n, tẹ́ẹ́rẹ́, tó rọ̀ bí ejò.

"Bàbá, eléyìí ló gba ọ̀fun Màmá wọlé. Kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Wọ́n sùn, wọn ò mọ nǹkan kan. Mo fi iná jó etí ojú ọ̀nà tó ya náà díẹ̀ kó lè sún kì, lẹ́yìn náà mo fi okùn mẹ́fà fà á pọ̀ títí kò fi ju ìdí báírò yìí lọ. Bó bá há báyìí, oúnjẹ díẹ̀ á jókòó pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á tètè yó."

"Kí ló lè já okùn bẹ́ẹ̀?"

"Kí wọ́n jẹ nǹkan líle ṣáájú àkókò. Tàbí nǹkan tó máa ń wú. Bó bá dé ibẹ̀ tó wú, á ti ara ikùn síta, okùn á já lára ẹran."

Ó ṣí ìwé ìwọ̀n Abigail. Ọjọ́ Ajé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e gorí òṣùwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó fi kílò mẹ́ta fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, méjì àtààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Nọ́fíù fi ìka tẹ ọ̀sẹ̀ kẹta mọ́lẹ̀. "Ernest, kí ló wọ ilé yín lọ́sẹ̀ yìí?"

Ernest họ orí. "Ọ̀sẹ̀ yẹn ni dókítà ní kí wọ́n bọ́ sórí ògì, Rachel wá bẹ̀rẹ̀ sí í sè é. Àǹtí Ìbíkẹ́ dé láti Mákùn-Omi lọ́jọ́ Ajé náà. Hẹn-ẹn, ìgbà yẹn náà ni Màmá padà síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjókòó lásán ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀."

"Èmi ló gbà wọ́n láyè," dókítà ní. "Mo ní kí wọ́n má gbé ẹrù."

"Nǹkan mẹ́ta ló jọ wọlé pọ̀," Nọ́fíù ní. "Ọ̀kan lolè nínú wọn, méjì kàn bá a rìn ni. Dókítà, ohun funfun tó o bá nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Dókítà mú ìgò kékeré kan wá. Ó ní òun rò pé ògì tó dì ni. Nọ́fíù ní kó da díẹ̀ sórí bébà fún òun, ó sì fi ṣíbí onírọ́bà ra á mọ́ bébà náà, ó fetí sí i. Ó ń dún ṣìnrìn-ṣìnrìn, bí yanrìn abẹ́ bàtà.

"O kàwé jù mí lọ, ọmọ mi," ó ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe ògì. Ògì ìyàwó Ernest gba inú aṣọ ìnujú mi kọjá. Eléyìí ní hóró. Kò lè gba inú aṣọ kankan kọjá."

"Kí wá ni?"

"N kò tíì mọ̀. Ìrẹsì lílọ̀ ní hóró. Àgbàdo tí wọn ò lọ̀ kúnná ní hóró. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n gún náà ní hóró." Ó yíjú sí Ernest. "Àǹtí rẹ tó wà ní Mákùn-Omi, kí ni wọ́n ń tà?"

"Ẹja gbígbẹ, Bàbá."

*

Òwúrọ̀ kùtù Àbámẹ́ta ló wọkọ̀ lọ sí Mákùn-Omi. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ẹjọ́ Ìbíkẹ́ jọ. Òun ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan Rachel. Òun ló dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Òun ló ní ẹja. Ẹjọ́ náà dúró dáadáa lójú Nọ́fíù, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn.

Ó bá Ìbíkẹ́ létí omi, níbi tó ti ń yí ẹja padà lórí ààrò, tí èéfín bo ojú rẹ̀.

"Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì!" Ìbíkẹ́ ní nígbà tó gbọ́ ẹni tó jẹ́. "Ṣé ẹsẹ̀ yín náà ti fẹ̀yìntì ni, àbí ìrìn ṣì wà nínú ẹ̀?"

"Ìrìn ṣì wà níbẹ̀. Kí lo fún ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ nígbà tó o lọ kí i?"

"Èmi? Mo gbé ẹja àrọ̀ mẹ́fà lọ fún wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n gbé e fún Ernest. Ernest nìkan ló jẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ̀bìà ọmọ yẹn!"

"Ọjọ́ mélòó lo lò?"

"Ọ̀sẹ̀ kan géérégé. Mo padà nítorí ẹja mi."

Nọ́fíù ka àwọn ọ̀sẹ̀ náà lọ́kàn. Ìbíkẹ́ ti wà ní Mákùn-Omi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irora kò sì tíì kúrò láyà Abigail. Ọwọ́ obìnrin yìí kò lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tó ti tò jọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó wó lulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Inú bí i, ìnira ni fún un láti gbà pé òun ṣìnà. Ó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Sọ bí irora yẹn ṣe ń mú un fún mi," ó ní. "Lójoojúmọ́ tó o fi wà níbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Bí wọ́n bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, àyà á so. Ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀. Ó le jù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́?"

Ojú Ìbíkẹ́ mọ́lẹ̀. "Ọjọ́ Ìsinmi? Irora ò jẹ́ yọjú! Àti àárọ̀ dé alẹ́. Wọ́n jó láti ṣọ́ọ̀ṣì délé. Wọ́n pè mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ó tún rí bẹ́ẹ̀, pé agbára àdúrà ni."

"Ta ló se ògì fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn?"

"Rachel náà ni. Ta ni ì bá tún..."

Ìbíkẹ́ dúró tòun ti ẹja lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti yé e kó tó jáde tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ọjọ́ méje ni ògì," Nọ́fíù ní jẹ́ẹ́. "Ọjọ́ mẹ́fà ni irora. Ògì kọ́. Múra, kó o bá ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la wá. Ẹnu tó fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

*

Ó padà dé Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọ̀sán, ó yà nílé, ó bu gàrí Áwà rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, nítorí gàrí náà ní hóró, ó mú agolo mílíìkì òfìfo kan, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi mángòrò ní òdìkejì títì, níbi tó ti lè rí ibi iṣẹ́ Abigail láìjẹ́ pé wọ́n rí i.

Agbada márùn-ún ló wà lórí iná. Èéfín àti òórùn kíkan gbogbo ibẹ̀. Àwọn obìnrin ń fi igbá ro gàrí síwá sẹ́yìn. Abigail jókòó láàárín wọn lórí àga rẹ̀ bí adájọ́, kò fọwọ́ kan ẹrù, kò fọwọ́ kan igi. Òótọ́ ni Ernest sọ, ìjókòó lásán ni.

"Màmá, tèmi ti tó o!" obìnrin kan pè.

Ó gbé díẹ̀ wá nínú igbá. Abigail fi ọmọ ìka mẹ́ta bù ú, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó rún un, ó di ojú bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ọ̀nà jíjìn.

"Ó ku díẹ̀."

Obìnrin náà padà sídìí iná. Abigail mu omi díẹ̀ nínú ike rẹ̀, nítorí ooru.

"Màmá, ẹ wo tèmi!"

Ìka mẹ́ta. Ẹnu. "Ó ti gbẹ. Kó o kúrò."

Nọ́fíù na ọrùn, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó ṣí ọ̀rá rẹ̀. Bí Abigail bá ti bu ìka mẹ́ta sẹ́nu, Nọ́fíù á bu ìka mẹ́ta sínú agolo. Bó bá tún gàrí kan náà tọ́ wò nígbà kejì àti nígbà kẹta, Nọ́fíù náà á bù ú nígbà kejì àti nígbà kẹta. Nígbà tí wọ́n fi paná, ó ti bù ú nígbà méjìléláàádọ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ló dé ibẹ̀. Ó mi agolo náà, ó wò ó. Ó ju ìdajì lọ.

*

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹrù Rachel wà lẹ́nu ọ̀nà: báàgì méjì àti apẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, Abigail wà nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ ń dán. Ìbíkẹ́ ti dé, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ernest dúró ti ìyàwó rẹ̀.

Nọ́fíù wọlé, ó kí wọn, ó gbé ife onídígí kan sórí tábìlì. Gàrí wà nínú rẹ̀, ó ju ìdajì lọ díẹ̀.

"Ìyá Ernest, bá mi da omi sí i."

"Èmi ni wàá wá fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé mi?"

"Da omi sí i, Màmá," Ernest ní. Ohùn rẹ̀ le, ẹnu sì ya gbogbo ilé. Abigail dà á títí omi fi dé etí ife.

Nọ́fíù fa àga, ó jókòó, kò yára. "Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé àyà ń ro ọ́ lónìí, Ìyá Ernest?"

"Rárá o. Ọjọ́ Olúwa ni."

"Ṣé o ti mu ògì?"

"Mo ti mu ún láàárọ̀."

"Ta ló sè é?"

Abigail ṣíjú wo ẹnu ọ̀nà níbi tí ẹrù wà. "Òun náà ni."

"Bí ògì bá jẹ́ olè, kí ló ń fi ṣe ìsinmi? Ògì kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́fà ni irora ń wá, mo bi ara mi pé kí ni Ìyá Ernest ń ṣe lọ́jọ́ mẹ́fà tí kì í ṣe ní ọjọ́ keje? Mo lọ wò ó lánàá. Mo wà lábẹ́ mángòrò. Ohun tó ń wọ ẹnu rẹ̀ lójú mi náà ni mo bù sínú ife yìí, ìka mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgbà méjìléláàádọ́ta, láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́."

"Mi ò jẹ nǹkan kan!" Abigail fò dìde. "Mò ń tọ́ ọ wò ni! Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó gbẹ? Ogójì ọdún ni mo ti ń tọ́ ọ wò. Ìyá mi tọ́ ọ wò. Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ, iṣẹ́ ni!"

"Mo mọ̀ pé o ò purọ́," Nọ́fíù ní. "Ì bá sì dùn mọ́ mi kó o purọ́. Kò sí obìnrin kan tó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú tó ń ka títọ́wò mọ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n okùn tí dókítà fi rán ọ kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Wo ife."

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Gàrí náà ti mu omi tán. Ó ti wú dé etí ife, ó ti kọjá etí ife, ó sì ń rọra wó sórí tábìlì, funfun báláú, bí ẹni tó ń jáde nílé tí kò gbà á mọ́.

Abigail wo ife náà pẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, níbi tí irora kò sí lọ́jọ́ náà. Ó wá jókòó díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìgbéraga aṣọ funfun náà sì rọ̀ mọ́ ọn lára.

"Rachel," ó pè.

"Màmá."

"Wá gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn wọlé. Wọ́n á máa kọsẹ̀ lára rẹ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ernest, gbé àwọn báàgì. Kí ló dé tó o dúró bí òpó?"

Ìbíkẹ́ bú sẹ́kún, ó lọ dì mọ́ Rachel lẹ́nu ọ̀nà, òun ló sì gbé apẹ̀rẹ̀ náà nígbẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìyókù gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Kọ́púrù," Abigail ní, "n ó bu gàrí fún ọ lọ sílé."

"Mo ní ní ilé," Nọ́fíù dá a lóhùn. "Ti Áwà."

*

Dókítà Ọláyínká tún gba ọ̀fun Abigail wọlé lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Okùn mẹ́rin tó kù dúró gbọn-in. Ó fi méjì tuntun kún un, kò sì gbà ju wákàtí kan lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó bi í léèrè gbogbo ohun tó ń kan ẹnu rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, yálà ó pè é ní oúnjẹ tàbí kò pè é bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, òṣùwọ̀n ti já wálẹ̀ pẹ̀lú kílò mẹ́fà.

Lọ́sẹ̀ náà ni Nọ́fíù ń kọjá lọ ní Òkè-Ṣópin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fà á dúró níwájú ibi iṣẹ́ náà. Abigail wà lórí àga rẹ̀, ike omi lórí itan. Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, Rachel ló jókòó síbẹ̀.

"Màmá, tèmi ti tó o!"

Obìnrin náà gbé igbá wá. Abigail kàn fi ojú wò ó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó mi orí. "Ó ti gbẹ. Kó o kúrò lórí iná."

Rachel na ọwọ́, ó fi ìka mẹ́ta bù ú, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó di ojú. Igbá márààrún dúró lórí agbada. Àwọn obìnrin náà ń wo ìyá, wọ́n ń wo ìyàwó.

"Kò tíì gbẹ, Màmá," ó ní.

Iná ń ta pàrà lábẹ́ agbada. Abigail fi ahọ́n kan ètè rẹ̀. Ó wo gàrí náà, ó wo ẹnu Rachel, ó sì yíjú sí obìnrin tó gbé igbá.

"Kí lo tún ń wò mí fún?" ó pariwo. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tó sọ ni? Dá a padà sórí iná!"